Níbo ni Agbára Ìlẹ̀kẹ̀ Wà?

Ìbéèrè kan tí ó ti pẹ́ láàrin àwọn ẹlẹ́sìn ni bóyá agbára tí a gbà pé ó wà nínú òkúta iyebíye jẹ́ ti òkúta náà láti ìṣẹ̀dá rẹ̀, tàbí ènìyàn àti ẹ̀sìn rẹ̀ ni ó fi í sí i lára. Àwọn Gíríìkì ìgbàanì gbà pé ámẹ́tístì, òkúta aláwọ̀ àlùkò tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, kì í jẹ́ kí ọtí pa ẹni tí ó bá lò ó. Ọ̀nà mìíràn ni ìwé Ẹ́kísódù gbà wo ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé orúkọ ẹ̀yà Ísírẹ́lì méjèèjìlá ni a fín sí òkúta méjìlá tí a tò sí ìgbàyà Áárónì, olórí àlùfáà, kí ó lè máa gbé wọn sí àyà rẹ̀ fún ìrántí níwájú Ọlọ́run. Ní ti àwọn Gíríìkì, òkúta ni ó ń ṣiṣẹ́; ní ti Áárónì, ìrántí àti ìyàsímímọ́ ni. Ìlẹ̀kẹ̀ ni Yorùbá fi dáhùn ìbéèrè yìí, ìdáhùn náà sì yẹ ní àgbéyẹ̀wò.

Irú ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta ni a lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Iyùn kì í ṣe òkúta ní tòótọ́, bí kò ṣe egungun àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun, èyí tí àwọn oníṣòwò Potogí ń kó wá sí ìlẹ̀ Bìní ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Làǹtànà jẹ́ òkúta pupa líle tí àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ Ìlọrin láyé àtijọ́ máa ń fi irin ṣóńṣó àti òòlù dá lu díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n á sì fi omi lọ̀ ọ́ lórí òkúta títí yóò fi máa dán. Sẹ̀gi ní tirẹ̀ jẹ́ dígí, àwọn kan nínú rẹ̀ a sì máa ní àwọ̀ búlúù nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bà lé wọn, ṣùgbọ́n bí a bá gbé wọn sókè kí ìmọ́lẹ̀ gba inú wọn kọjá, àwọ̀ ewé ni ojú yóò rí.

Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ àti àfọ́kù ìkòkò tí dígí yíyọ́ lẹ̀ mọ́ nínú ní Igbó Olókun, síbẹ̀ ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ pé láti òkè òkun ni dígí náà ti wá. Iṣẹ́ ìwalẹ̀ tí Abídèmí Babalọlá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe níbẹ̀, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017, hú ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní 12,000, ó sì fi hàn pé ohun èlò àdúgbò ni àwọn ará Ifẹ̀ ń yọ́ fi ṣe dígí láàrin ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Inú igbó yìí kan náà ni a ti ń bọ Olókun, òrìṣà òkun àti ọrọ̀, tí ìtàn sọ pé òun ni ó ni ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn Bìní pẹ̀lú sì sọ pé ọwọ́ Olókun ni Ọba Ewuare ti gba iyùn. A kò gbọdọ̀ ka èyí sí àìmọ̀kan, nítorí pé àwọn ará Ifẹ̀ tí ń yin Olókun fún ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́ ìran àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn yọ́ ọ nínú iná, tí wọ́n sì gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ àti ìbùkún òrìṣà lè jọ gbé inú ohun kan ṣoṣo.

Bí agbára bá wà nínú ohun tí a fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ nìkan, olówó ì bá rà á lọ́jà, kí ọ̀rọ̀ sì parí. Àṣà kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí a kó wọlé láti Yúróòpù ni a fi ṣe ọ̀pọ̀ adé, síbẹ̀ èèwọ̀ ni kí ọba tí ó dé e wo inú rẹ̀. Títí di òní, àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ní Kúbà àti Bùràsíìlì máa ń fi omi ewé wẹ ìlẹ̀kẹ̀ kí wọ́n tó so ó mọ́ ọrùn ẹni, nítorí pé nípa bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ, ìyẹn agbára tí ń mú kí ọ̀rọ̀ ṣẹ, fi ń wọ inú rẹ̀.

Ẹnìkan lè wá béèrè pé, bí ó bá jẹ́ ètùtù ni ó ń fún un lágbára, kí ló dé tí a kò fi lo òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà? Ìdáhùn ni pé ohun tí a yàn gbọ́dọ̀ bá ohun tí ó dúró fún mu: líle làǹtànà bá ọlá tí a fẹ́ kí ó tọ́jọ́ mu, funfun sẹ̀sẹ̀fun, ìyẹn ìlẹ̀kẹ̀ àwọn olùsìn Ọbàtálá, sì bá ìwà mímọ́ òrìṣà náà mu.

Sẹ̀sẹ̀fun yìí ni ó la ọ̀rọ̀ náà yéni jù. Ẹmu jẹ́ èèwọ̀ fún olùsìn Ọbàtálá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ pé ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ni yóò mú ọtí kúrò lójú rẹ̀ bí ó bá mu ún, bí àwọn Gíríìkì ti retí lọ́wọ́ ámẹ́tístì. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ̀ ọ́, nítorí ẹ̀jẹ́ tí ó jẹ́ lọ́jọ́ tí a so ìlẹ̀kẹ̀ náà mọ́ ọn lọ́rùn. Ìlẹ̀kẹ̀ ń gba ọlá láti ibi iṣẹ́ ọwọ́, ó ń gba àṣẹ láti ibi ètùtù, ṣùgbọ́n ìwà ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ni kì í jẹ́ kí àṣẹ náà bàjẹ́. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fi iyùn sọ́rùn lọ síbi ìgbéyàwó tàbí ìwúyè lóde òní kọ́kọ́ mọ ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ náà ń béèrè lọ́wọ́ òun, kí ó sì ṣe é.