Ọrùn Ọwọ́ Rèbékà

Kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 24:15–31

Aago onírin tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó ń dán yinrin. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni ọwọ́ tó bọ́ sí. Ọrùn ọwọ́ mi tín-ín-rín. Bí mo bá gbé ọwọ́ sókè yin Olúwa, aago á sáré dé ìgúnpá. Bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀, á yọ̀ wá sí àtẹ́lẹwọ́. Mo fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó so ó. Mo tiẹ̀ ń jẹ iyán lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ (Èkìtì ni mí, ẹ má bá mi wí), bóyá ọwọ́ á sanra díẹ̀. Ikùn ló gba gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo ti Ọ̀yẹ́ lọ sí Ìkọ̀lé, mo yà sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe lábẹ́ agbòòrùn. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ gbà mú, kó tó wo aago. Ó dojú ṣéènì dé, ó fi ọfà tín-ń-tín tó wà nínú rẹ̀ hàn mí: ibi tí ọfà bá kọjú sí ni píìnì ń gbà jáde. Ó gbá a pẹ̀lú òòlù kékeré, kó, kó, kó. Ó yọ ẹyọ méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Mo ní kí ló dé tí kò yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápá kan.

“Màmá, lọ́ọ̀kì rẹ̀ á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa há yín lára.”

Ó ní kí n ti ọmọńdinrín bọ abẹ́ ṣéènì. Ó wọlé. Ó ní kí àyè yẹn wà bẹ́ẹ̀, torí oòrùn ọ̀sán máa ń mú ọwọ́ wú.

Nínú ọkọ̀, Rèbékà ni mo ń rò. Ẹ̀gbà wúrà méjì, ìwọ̀n ṣékélì 10, wà lọ́wọ́ ìránṣẹ́ Ábúráhámù, kò sì sẹ́ni tó wọn ọwọ́ ọmọ náà fún un. Ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn omi fún ràkúnmí 10 tán ló gbé e lé. Ràkúnmí tí òùngbẹ ń gbẹ gidi lè mu ju lítà 100 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti fa omi kànga rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Ìdó, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọmọ náà sì sáré lọ sílé ìyá rẹ̀. Ó sáré, tòun ti wúrà lọ́wọ́, kò já bọ́ lọ́nà, torí Lábánì arákùnrin rẹ̀ (ẹni tí ojú rẹ̀ kì í fo wúrà) rí i lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo wá rántí ipò kan tí mo dù nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa, torí pé ó yẹ ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Ohùn rẹ̀ ni mo ń fi sọ̀rọ̀, ìrìn rẹ̀ ni mo ń rìn. Rọ́bà ni mo fi so ìyẹn náà mọ́ra. Mo rọra sọ ọ́ nínú ọkọ̀ pé: Olúwa, yọ èyí tó pọ̀ jù, lápá méjèèjì.

Ọkùnrin yẹn kò da ẹyọ mẹ́rin náà nù. Ó kó wọn sínú páálí ìṣáná fún mi. “Ẹ tọ́jú ẹ̀ o, Màmá. Ọwọ́ ṣì lè tóbi.” Ó wà nínú àpò Bíbélì mi, bí mo bá ń rìn lọ sí ìsìn òwúrọ̀, ó máa ń dún.