TA NI YÓÒ SỌ̀RỌ̀ LẸ́BÀÁ PÓSÍ WA?

Ẹ̀kọ́ Bíbélì: Sámúẹ́lì Kejì 3:31–39

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹni tí ó ti ṣe aṣáájú bá kú, ta ni ó yẹ kí ó dìde sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀? Ṣé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ni, tàbí ẹni tí ó bá a du ipò pẹ̀lú?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Dáfídì. Ábínérì ni balógun Sọ́ọ̀lù. Òun ni ó fi ọmọ Sọ́ọ̀lù jọba nígbà tí ilé Júdà ti fi Dáfídì jọba, ogun sì pẹ́ láàárín ilé méjèèjì. Nígbà tí ó wá bá Dáfídì sọ ọ̀rọ̀ àlàáfíà tí ó sì ti ń lọ, Jóábù, balógun Dáfídì, pè é padà, ó sì fi ẹ̀tàn pa á ní ẹnubodè Hébúrónì. Ẹlòmíràn ì bá máa yọ̀ pé ọ̀tá dín kan. Ṣùgbọ́n ọba fúnra rẹ̀ tẹ̀lé òkú náà dé ibojì, ó sunkún, ó sọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ lé e lórí, kò sì fẹnu kan oúnjẹ títí oòrùn fi wọ̀. Gbogbo ènìyàn ń wò ó, ó sì dára lójú wọn.

Ẹnìkan lè wí pé, “Ayé àtijọ́ nìyẹn, òṣèlú òde òní kò gba bẹ́ẹ̀.” Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin méjì kan ní Amẹ́ríkà fún yín. Gerald Ford wà lórí àga ààrẹ láti 1974. Ní 1976, Jimmy Carter, àgbẹ̀ ẹlẹ́pà láti Georgia, bá a du ipò náà, ó sì borí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ líle ti wáyé láàárín wọn kí ìbò tó dé. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí Carter gorí àga ní 1977, ọpẹ́ fún Ford ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí ohun tí ó ṣe láti wo ọgbẹ́ ilẹ̀ wọn sàn. Ní 1981, wọ́n pa Anwar Sadat, ààrẹ ilẹ̀ Íjíbítì, a sì rán Ford àti Carter pẹ̀lú Richard Nixon lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Inú ọkọ̀ òfuurufú, nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ni Ford àti Carter ti di ọ̀rẹ́. Nígbà tí ó yá, wọ́n ṣe àdéhùn pé ẹni tí ó bá pẹ́ jù láyé yóò sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú ẹnì kejì.

Ford kú ní December 2006, Carter sì mú àdéhùn ṣẹ ní January 2007. Carter náà kú ní December 2024, ó pé ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tí a ń ṣe ìsìn rẹ̀ ní Washington ní ọjọ́ 9 January 2025, ọ̀rọ̀ Ford dún nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bí ó tilẹ̀ ti lo ọdún méjìdínlógún nínú ibojì. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó kú, ọmọ rẹ̀ Steven ni ó sì kà á. Kò purọ́. Ó sọ pé Carter mọ ibi tí òun kù sí, ó sì tọ́ka sí i fún àwọn adìbò, èyí kò sì dùn mọ́ òun nínú. Ṣùgbọ́n ó ní láti inú ìbò náà ni òun ti rí ọ̀rẹ́ tòótọ́.

Carter kì í ṣe àjèjì sí wa. Ó wá sí Èkó ní 1978, àjọ tí ó dá sílẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó bá wa lé sòbìà lọ, títí a fi kéde ní 2013 pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà. Àwọn baba wa ní, kí sòbìà tó degbò, olúgànbe ni à á ké sí. Bẹ́ẹ̀ ni ìjà òṣèlú rí. Nígbà tí ẹnì kejì wà láàyè ni a ń wò ó sàn.

Ní ilẹ̀ wa náà, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kú ní 1987, Ojukwu, tí ó wà lódìkejì rẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé, ni ó sọ pé òun ni ààrẹ tí ó dára jù lọ tí Nàìjíríà kò ní. Títí di òní ni ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Bí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó sọ ọ́, ta ni ì bá rántí?

Ó ní ìdí tí mo fi ń kọ èyí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, baba kan tí ó ti ṣe alága ẹgbẹ́ ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ níhìn-ín sùn nínú Olúwa. Ọkùnrin tí ìbò gbé borí rẹ̀ wá bá mi pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú ètò ìsìn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn kan wá sílé mi, wọ́n ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Èmi akọ̀wé ni mo fi ọwọ́ ara mi fagi lé orúkọ náà. Ọkùnrin náà jókòó sẹ́yìn, kò wí nǹkan kan. Lẹ́yìn ìsìnkú ni ìyá opó sọ fún mi pé nígbà tí àìsàn dá ọkọ òun dúbúlẹ̀, ọkùnrin yìí ni ó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù. Mo ti pa ẹlẹ́rìí tòótọ́ lẹ́nu mọ́. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Èmi kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ ni kí a fún láyè. Dáfídì pàṣẹ kí Jóábù fa aṣọ rẹ̀ ya kí ó sì ṣọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n ọba fúnra rẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ẹ̀san lẹ́bàá pósí, kí ó jókòó, ìbáà ṣe ọ̀tá, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́ olóògbé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá olóògbé jà láìsí ẹ̀tàn, tí ó sì lè sọ ohun rere tí ó rí lára rẹ̀, ẹ má ṣe dí i lọ́nà.

Ẹ̀yin ará, àjò ni a wà. Bí ikú bá dé, àwọn olóyè ẹgbẹ́ òṣèlú kò ní wá gbé pósí wa. Ìyá tí ó pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ igbe, akọ̀wé tí ẹ jọ wà ní ọ́fíìsì ni yóò sì wá ẹni tí yóò gbẹ́lẹ̀. Ta ni o kò kí mọ́ láti ìgbà ìbò tí ó kọjá? Lọ kí i kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Má sọ pé kí ó wá sínú ẹgbẹ́ rẹ, ìwọ náà má sì fi tìrẹ sílẹ̀. Kí i ṣáá. Kí o sì sọ fún àwọn ará ilé rẹ, nígbà tí ohùn rẹ ṣì ń jáde, pé bí ọjọ́ bá pé, kí wọ́n jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn Dáfídì, kí ó sì pa wá mọ́ ní ilẹ̀ àjò yìí. Àmín.

Akọ̀wé Ìjọ