Ogún Ọmọdé ní Ladbroke Grove

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Bí àwọn àgbà bá pa òwe yìí, ẹ̀dùn ló máa ń wà lóhùn wọn: ẹnì kan ti rìnrìn àjò, ẹnì kan ti relé ọkọ, ẹnì kan ti sùn tí kò jí mọ́. Lójú tèmi, ìkìlọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Eré tí a kò bá dá ọjọ́ sí, tí a kò ná owó lé lórí, tí a kò fi ẹsẹ̀ wa rìn lọ bá, yóò tán lójú wa níbẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù tí a wà yìí, ọ̀rẹ́ mẹ́ta lè jọ máa gbé Peckham kí wọ́n má fojú kan ara wọn fún oṣù mẹ́fà. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìwòsàn, èkejì ń wa bọ́ọ̀sì, ẹ̀kẹta ń ti ibi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Orí WhatsApp ni wọ́n ti ń kí ara wọn kú ọdún.

Ohun tí mo ṣe fẹ́ràn Notting Hill Carnival, àjọ̀dún ojú títì ọdọọdún, nìyẹn. Kò sẹ́ni tí kò mọ ọjọ́ rẹ̀: Mọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù kẹjọ, tí ìjọba fi ṣe ọjọ́ ìsinmi, àti Sọ́ńdè tó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba ààyè níbi iṣẹ́ lè ti máa bẹ ọ̀gá rẹ̀ láti ọdún Àjíǹde. A kì í sanwó ká tó dúró sí títì. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù náà ni, àfi pé fún ọjọ́ méjì, mọ́tò á kásẹ̀ nílẹ̀, ìlù á gbàgboro.

Iye èèyàn tí yóò jọ lọ ló kọ́kọ́ yẹ ká sọ. Mẹ́rin tó, márùn-ún kò burú. Bí ẹ bá ti di mẹ́wàá, orí kíkà lẹ ó fi gbogbo ọjọ́ ṣe: ta ló kù, ta ló ní òun ń bọ̀, ta ló lọ tọ̀. Ẹ má fipá mú ẹni tí èrò kì í bá lára mu. Ẹ lọ kí i nílé lọ́jọ́ mìíràn, ẹ ó jọ gbádùn ara yín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí kálukú wọ bàtà tó ti mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Tuntun tí ẹ rà nítorí fọ́tò yóò ti já yín kulẹ̀ kí aago méjì ó tó lù.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Wọ́n máa ń ti ibùdókọ̀ Ladbroke Grove pa lọ́jọ́ náà, nítorí náà àwọn kan á gba Westbourne Park wọlé, àwọn kan á sọ̀ ní Paddington, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn. Ìyẹn kò ṣòro. Ohun tó ń tú àwùjọ ọ̀rẹ́ ká ni fóònù. Bí èèyàn bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú kan, nẹ́tíwọ̀kì á kú, ìpè kò ní wọlé, àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́sàn-án lè dé lálẹ́. Ẹ dá ibi ìpàdé kalẹ̀ bí àwọn òbí wa ṣe ń dá a: ibi kan tí ojú ń rí láti òkèèrè, àti aago kan. Abẹ́ Trellick Tower ni mo fẹ́ràn jù, ilé gogoro alájà 31 tó wà lẹ́bàá Golborne Road. Ẹni tó bá sọ nù kàn ní láti gbójú sókè.

Ó tún yẹ ká mọ ẹni tó ni agbo ká tó bọ́ sí i. Àwọn ọmọ erékùṣù Kàríbíánì ló ni ín, ìyà ló sì bí i. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1958, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ya bo àwọn aláwọ̀ dúdú ní Notting Hill, wọ́n ń fọ́ fèrèsé ilé wọn, wọ́n ń lé wọn kiri ìgboro. Claudia Jones, ọmọ bíbí Trinidad tí Amẹ́ríkà ti lé jáde nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú, ló ń tẹ ìwé ìròyìn West Indian Gazette ní Brixton nígbà náà. Kò jókòó sunkún. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1959, nínú òtútù tó ń pa egungun, ó gbé kánífáàlì wọ inú gbọ̀ngàn St Pancras Town Hall, BBC sì fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní 1966, obìnrin kan tó ń jẹ́ Rhaune Laslett ṣètò àjọ̀dún àdúgbò ní Notting Hill, pàápàá nítorí àwọn ọmọdé, ó sì pe Russell Henderson kó wá fi ìlù páànù dá wọn lára yá. Henderson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè dúró lójú kan. Wọ́n fi páànù kọ́rùn, wọ́n bọ́ sí títì, ọmọdé àtàgbà sì wọ́ tẹ̀lé wọn. Ní 1973 ni Leslie Palmer bẹ̀rẹ̀ sí í mú un gbòòrò, tó ní kí àwọn oní-sound system náà wá gbé ẹ̀rọ agbóhùnjáde wọn kalẹ̀. Àwọn ọmọdé ìjọ́sí ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, eré náà ò sì tíì tán. Ẹni tó pa òwe ogún ọdún kò dé Ladbroke Grove.

Onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n se òun lọ́wọ́ kan ẹ̀wà. Mo máa ń rántí òwe yìí bí mo bá gbọ́ àwọn ọmọ wa tó ń kùn pé Afrobeats ò pọ̀ tó, pé kí ló dé tí wọn kò fún Fújì láyè. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ń gbọ́ bùkátà agbo náà? Ní 2025, àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ pariwo síta pé bí owó ààbò kò bá wọlé, ọdún náà lè má wáyé. Ìjọba ìlú Lọ́ńdọ̀nù àti káńsù méjèèjì tí àdúgbò náà bọ́ sí ló dá owó jọ, ó kù díẹ̀ kó pé mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ẹni tó wá jẹun lọ́fẹ̀ẹ́ kì í yan irú ọbẹ̀. Kí ẹ ra oúnjẹ àti ohun mímu lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á níbẹ̀, ìyẹn wúlò ju ìkùnsínú lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń sáré kọjá ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí: ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ àwọn onílù páànù. Ẹ sún mọ́ ọn. Ìdí dírọ́ọ̀mù epo rọ̀bì ni wọ́n fi òòlù lù títí tó fi jìn wọnú, tí wọ́n wá pín ojú rẹ̀ sí agbègbè-agbègbè, kálukú pẹ̀lú ohùn tirẹ̀. Ọ̀pá tí wọ́n fi rọ́bà wé lórí ni wọ́n fi ń lù ú. Àwọn tó mú ohùn tín-ín-rín ń fi ọwọ́ méjèèjì yára lójú páànù kan ṣoṣo. Ẹni tó mú ohùn ilẹ̀, àárín dírọ́ọ̀mù gíga mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án ló wà, tó ń yíra síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ní Trinidad, níbi tí ìlù páànù ti wá, ìjọba amúnisìn fi òfin de ìlù láwọn ọdún 1880. Àwọn èèyàn mú ọparun, wọ́n ń gún un mọ́lẹ̀ kó lè dún. Nígbà tó yá, wọ́n mú irin àti agolo, kí wọ́n tó wá dé orí dírọ́ọ̀mù. Àwọn Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n kó dé erékùṣù náà, títí dòní ni wọ́n sì ń bọ Ṣàngó àti Ògún níbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ títì, irú dírọ́ọ̀mù yẹn kan náà, tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n da èédú sí, ni wọ́n fi ń yan adìyẹ jerk. Èéfín rẹ̀ nìkan tó èèyàn í fi mu gààrí.

Ti sound system yàtọ̀. Ìlù tó bá dún jù, yíya ló ń ya, ṣùgbọ́n tibí, àyà olùgbọ́ ló ń fẹ́ẹ́ ya. Ẹ wá ohun dí etí àwọn ọmọ. Ẹ má sì máa sáré láti ọ̀kan sí èkejì bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Ẹni tó ń yí àwo mọ ohun tó ń ṣe: yóò kọ́kọ́ fi reggae tù yín lára, yóò máa kó yín lọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹ bá sì lọ kó tó dé ibi tó ń lọ, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ yan ọ̀kan, ẹ fún un ní wákàtí méjì.

Ọ̀rọ̀ ìwà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tó wọ aṣọ ìyẹ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń jó tẹ̀lé ọkọ̀, owó ńlá ni wọ́n san sínú ẹgbẹ́ wọn; okùn tí wọ́n na yí wọn ká, ẹ má gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Obìnrin tó ń jó kò pe ọwọ́ ẹnikẹ́ni sí ara rẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ yín ọkùnrin bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ jọ wá ló yẹ kí ẹ fà á sẹ́yìn kí ọlọ́pàá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn onílé míràn á ti kan pákó mọ́ fèrèsé, wọ́n á ti sá lọ sí ìsinmi. Àwọn tó kù á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kọ ọ́ sára páálí pé pọ́n-ùn báyìí ni ṣáláńgá. Ẹ sanwó yẹn. Ògiri ilé ẹlòmíràn kì í ṣe ibi ìtọ̀, ìbáà ṣe Mushin, ìbáà ṣe Kensington.

Láago mẹ́ta ọ̀sán, gbogbo ẹ̀rọ á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 72, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá iná Grenfell Tower lọ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017. Ilé náà kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ ṣí fìlà, ẹ fi fóònù sápò.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Láago méje ìrọ̀lẹ́, wọ́n á pa sound system, gbogbo ayé á sì dà sí ibùdókọ̀ kan náà. Ẹ má bá wọn dà síbẹ̀, ẹ má sì wá takisí. Ẹ rìn dé Paddington, kódà ẹ rìn dé Edgware Road, níbi tí bọ́ọ̀sì 36 yóò ti gbé ará Peckham. Lójú ọ̀nà yẹn, tí etí ṣì ń hó, ni ẹnì kan máa ń sọ pé wọ́n ti dá òun dúró níbi iṣẹ́ láti oṣù tó kọjá, tí ẹlòmíràn á ní dókítà ti ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò dáa nípa ìyá òun n'Íbàdàn. Wọn kò lè kọ ọ́ sórí WhatsApp, wọn kò sì lè pariwo rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. A ó ra ṣàwámà, a ó jà lórí ẹni tí yóò sanwó rẹ̀, a ó sì jẹ́ kí bọ́ọ̀sì méjì kọjá lọ ká tó wọ ẹ̀kẹta.