Kí Ni Ogun Kò Lè Kó Nínú Ìlú?

Nígbà tí ogun Ìjẹ̀ṣà fọ́ ìlú Kookin ní nǹkan bí ọdún 1760, tí àwọn tí orí kó yọ sì lọ tẹ Òkukù dó, tí kò jìnnà sí Ìnísà àti Ìkìrun, kí ni wọ́n gbé dání tí wọ́n fi jẹ́ ará ìlú kan náà síbẹ̀? Ilẹ̀ kọ́, ògiri kọ́. Oríkì ni, èyí tí ìyá àgbà fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́; iná ogun kì í sì í jó oríkì. Ní Ọ̀yọ́ ẹ̀wẹ̀, tí ọ̀tá kankan kò fọ́ ní àsìkò náà, Baṣọ̀run Gáà ń fi àwọn Aláàfin jẹ, ó sì ń mú wọn kú, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774, tí ikú oró rẹ̀ di ohun tí a fi ń kìlọ̀ fún òṣìkà. Odi Ọ̀yọ́ dúró gbagidi. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ìwà tó so ìlú pọ̀ ti já kí Aláàfin Aólẹ̀ tó gorí ìtẹ́ rárá.