Ẹ Bá Ọmọ Ìyá Yín Wá Ìpàdé Àwọn Tó Ń Jáwọ́ Nínú Ọtí

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tó ń gba túúbá ẹrú Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ọ̀rọ̀ ọtí la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n a kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí pé haráámù ni. Kò sí ẹni tó wà lórí ẹní yìí tí kò mọ̀. Ẹni tó mọ̀ pé haráámù ni, tó fẹ́ jáwọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì já, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ru ẹrù ní ọjà Mile 12 wá bá wa lẹ́yìn ìrun Ishai. Ó ní láti ìdájí ni òun ti máa ń mu paraga kí ara òun tó lè gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì, ó sì ti di ọdún mẹ́sàn-án. A ka áyà fún un, a ṣe àdúà, a ní kó jáwọ́ lóru ọjọ́ náà gan-an. Ó gbọ́ràn sí wa lẹ́nu. Ní ọjọ́ kẹta, gìrì mú un, ó ṣubú lulẹ̀. Nígbà tó sì la ojú, ẹni tí kò sí nínú yàrá ló ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn dókítà tó gbà á sílẹ̀ ló là wá lọ́yẹ̀ pé ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára fún ọ̀pọ̀ ọdún, bó bá dá a dúró lójijì láìsí oníṣègùn nítòsí, ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Òótọ́ la sọ fún ọkùnrin náà. Ìmọ̀ ni kò pé lọ́wọ́ wa. A tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì forí jìn wá.

Ọlọ́hun tó dá ara mọ bí ara ṣe rí. Nínú Súrà kejì, áyà 219, Ó fi yé àwọn sàábé pé aburú ọtí ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, nínú Súrà kẹrin, áyà 43, Ó kọ̀ fún wọn láti kírun nínú ìmutípara. Nígbà tó yá ni àṣẹ pátápátá dé, nínú Súrà karùn-ún, áyà 90 àti 91. Òfin ti parí lónìí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi èyí ṣe àwáwí láti máa mu díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́ dókítà kò sún túúbá rẹ̀ síwájú. Ara túúbá ni ìtọ́jú náà.

Imam Bukhari gba á wá pé ọkùnrin kan wà láyé Ànábì, Abdullah ni orúkọ rẹ̀, tó máa ń pa Ànábì lẹ́rìn-ín. Wọ́n mú un wá léraléra nítorí ọtí, wọ́n sì ń nà án. Nígbà tí ẹnì kan ṣépè fún un, Ànábì kọ̀ ọ́, ó sì jẹ́rìí pé ọkùnrin náà fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ní Kétu ńkọ́? Ọ̀mùtí là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí ara ọkùnrin tiwa yìí balẹ̀, dókítà ní kó wá ẹgbẹ́ tí yóò máa bá jókòó. Ẹgbẹ́ tí a ń sọ ni Alcoholics Anonymous, tí wọ́n ń pè ní AA. Ìlú Akron ní Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1935, láàárín Bill Wilson àti Dókítà Bob Smith, àwọn méjèèjì tí ọtí ti bá ayé wọn jẹ́. Wọn kì í gba owó ìwọlé, wọn kì í béèrè orúkọ bàbá ẹni. Kó wu èèyàn láti jáwọ́ ni ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń fẹ́. Ẹnì kan á sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, àwọn yòókù á gbọ́, wọn kò sì ní gbé e jáde. Ìpàdé mìíràn, Al-Anon, wà fún ìyàwó, ọkọ àti ọmọ ẹni tó ń mutí.

Àwọn kan bi wá pé ṣé Mùsùlùmí lè jókòó níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà. Èrò tiwa ni pé ó lè jókòó. Bí wọ́n bá ń ṣe àdúrà tí kì í ṣe tiwa, kó dákẹ́, kó ṣe tirẹ̀ nínú ọkàn. Ẹni tí iná mú aṣọ rẹ̀ kì í béèrè kànga tí wọ́n ti fa omi.

Ibi dókítà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Gbàgádà kò jìnnà sí wa. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àrùn ọpọlọ wà ní Yábàá, láti 1907 ló ti wà níbẹ̀. Kì í ṣe ibi ẹ̀sín. Ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ibi tí ìpàdé tó súnmọ́ Kétu wà àti ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe é. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ pè láti mọ̀ bóyá ibẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń lò. Ẹ má sì jẹ́ kó dá lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí ẹnu ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń yí padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta paraga ní gáréèjì, tẹ́ ẹ sì wà lórí sààfù pẹ̀lú wa, ọ̀rọ̀ yín ń bọ̀ ní Jímọ̀ mìíràn.

Lẹ́yìn ìrun Ishai ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, a óò wà nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn mọ́sálásí. Ọkùnrin tó ń ru ẹrù ní Mile 12 yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́. Òun ni yóò máa tẹ̀lé ẹni tó bá fẹ́ lọ.