Ọpẹ́ Kí Oyè Tó Dé

Ẹ ka Lúùkù 17, ẹsẹ 11 dé 19.



Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́, ọmọ ìjọ wa kan tí ilé rẹ̀ wà ní apá Bẹ́yẹrúnkà dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, a sì jọ ń sọ̀kalẹ̀ láti Màpó lọ sí ìhà Ọjà'bà. Olùkọ́ ni, ó sì di ọdún kẹfà nísisìyí tí ó ti ń kọ ìwé àpilẹ̀kọ rẹ̀ fún oyè Ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì. Mo bi í léèrè ohun tí ó fà á tí a kò fi rí i nídìí tábìlì Olúwa láti ìgbà Àjíǹde. Ó ní, "Baba, ojú ń tì mí. Gbogbo agboolé ti ń pè mí ní Dókítà láti ọdún méjì sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá orí kẹrin ìwé mi padà pé kí n tún un kọ. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀ ná. Ní ọjọ́ tí mo bá gba oyè náà, n ó mú màlúù wá sí ọgbà ìjọ, n ó sì dúpẹ́ bí ó ti yẹ."

(Èmi kò kọ màlúù o, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdúpẹ́ wa ní Ìbàdàn yìí ti di gbèsè aṣọ ẹbí.)

Ará, èmi kò lè bá ọkùnrin náà wí, nítorí pé ohun tí ó sọ yìí ni èmi náà ti sọ nígbà kan rí. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, àgbà katikíìsì kan ní abúlé wa a máa fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti inú owó oṣù rẹ̀ tí kò tó nǹkan. Èmi a sì máa wí nínú ọkàn mi pé, bí mo bá gba ìwé ẹ̀rí, n ó gbé e lọ́wọ́ lọ, n ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún baba yìí. Mo gba ìwé ẹ̀rí náà ní oṣù Kejìlá. A ti sin baba ní oṣù Kẹwàá. Ìwé ẹ̀rí náà wà nínú àpótí mi títí di òní, n kì í sì í lè wò ó pẹ́.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí a jọ padà sí ìtàn àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá. A ti bú àwọn mẹ́sàn-án tó nínú ìwàásù wa, bí ẹni pé aláìmoore paraku ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ohun tí wọ́n ń ṣe. Jésù tìkálára Rẹ̀ ni ó rán wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn àlùfáà, nítorí gẹ́gẹ́ bí òfin tí ó wà nínú Léfítíkù 14, àlùfáà ni ó ní àṣẹ láti wí pé adẹ́tẹ̀ ti di mímọ́, kí ilé àti ọjà tó lè gbà á padà. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ bí àwọn ọmọ ilé ìwé, ọ̀dọ̀ olùdánwò ni wọ́n ń lọ. Ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ń lọ gbà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyí. Ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú wọn ní in lọ́kàn láti padà wá dúpẹ́ bí gbogbo rẹ̀ bá parí tán. Ohun tí ó ya ará Samáríà náà sọ́tọ̀ ni pé ó wo ara rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó rí i pé ara ti dá, kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni jẹ́rìí sí i kí ó tó yí padà. Àlùfáà kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Lójú òfin, adẹ́tẹ̀ ni ó ṣì jẹ́ nígbà tí ó dojú bolẹ̀ lẹ́sẹ̀ Olúwa.

Olùkọ́ náà dákẹ́ títí. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n, Baba, kí ni mo ti rí gbà tí n ó fi dúpẹ́?" Ìbéèrè gidi ni. Mo nawọ́ sí ìhà Kúdẹtì, mo sì sọ ìtàn àwọn ará ibẹ̀ fún un.

Ní 1853 ni David Hinderer, ará Jámánì tí C.M.S. rán, àti Anna aya rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Ní 1858, Henry Johnson àti ìdílé rẹ̀ dé láti Sàró láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Samuel àti Obadiah wà nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ogun Ìjàyè fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ọ̀nà etíkun dí, owó kò wọlé mọ́, oúnjẹ sì wọ́n ní ilé míṣọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí tọkọtaya náà fi ń ta lára ẹrù ilé wọn kí àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ lè rí jẹ. Ta ni ìbá fojú sọ́nà fún oyè kankan láti inú irú ilé bẹ́ẹ̀? Síbẹ̀ Samuel di àlùfáà, ó sì kọ ìtàn àwọn Yorùbá. Obadiah di oníṣègùn, ó sì gba oyè M.D., tí í ṣe oyè Ọ̀mọ̀wé nínú ìṣègùn, ní Yunifásítì Edinburgh ní 1889. Ẹ sì wo ohun tí ó kọ ìwé àpilẹ̀kọ rẹ̀ lé lórí: ìwòsàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ilé kò tì í lójú níwájú àwọn olùdánwò òkèèrè.

Ọ̀nà ìwé ìtàn náà ni ó gùn jù. Ohun tí ó ju ogún ọdún lọ ni Samuel fi ṣe iṣẹ́ náà. A fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1899, ó sì sọnù ráúráú. Samuel kú ní 1901. Obadiah, pẹ̀lú oyè ńlá rẹ̀, jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní 1916, nígbà tí a tún fi í ránṣẹ́, ọkọ̀ Appam bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Jámánì lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Ìwé náà pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé, bébà sì ti wọ́n gógó nígbà náà, wọ́n ní kí ogun parí ná. Obadiah kú ní 1920. Ìwé náà jáde ní 1921. Nínú arákùnrin méjèèjì, kò sí èyí tí ó fojú kàn án. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ a rí ọ̀rọ̀ Látìnì kúkúrú kan, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ya ìwé náà sọ́tọ̀ pẹ̀lú ìmoore fún ìrántí Hinderer olùkọ́ rẹ̀.

Mo wá bi ọkùnrin wa léèrè pé, "Èlùbọ́ ta ni a tà l'Ọ́jà'bà tí o fi rí owó ilé ìwé san?" Ó ní, "Ti ìyá mi ni." "Ta ni ó ń rẹ àwọn ọmọ lẹ́kún lóru tí ìwọ fi ń kọ̀wé?" Ó ní, "Ìyàwó mi ni." "Ta ni ó fi sùúrù ka orí kẹrin títí ó fi rí àṣìṣe inú rẹ̀?" Níbí ni ó ti rẹ́rìn-ín, nítorí kò tíì ka baba tí ń bojú tó iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ àwọn olóore rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé ní ìkọ̀kọ̀ láàrin wa, mo mọ̀ pé ẹ pọ̀. Ẹ má ṣe dúró kí aṣọ oyè tó wọ̀ yín lọ́rùn kí ẹ tó wá sídìí tábìlì Olúwa. Ẹ̀yin ará ilé wọn pẹ̀lú, ẹ dákun, ẹ yé fi orúkọ tí kò tíì dé dẹ́rù bà wọ́n.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kejì, olùkọ́ náà wá. Kò mú màlúù wá. Igbá èlùbọ́ kan ni ó gbé wá, ìyá rẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, ìyàwó rẹ̀ ní ọwọ́ òsì. Akọ̀wé ìjọ bi í léèrè ohun tí a ó kọ sínú ìwé pé ó ń dúpẹ́ lé lórí. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ pé orí mẹ́ta ti parí."