Èèkù Tó Ń Dán

Ibi kíkà wa ni Diutarónómì orí 19, ẹsẹ 4 sí 6. Ẹ kọ́kọ́ kà á ná, kò gùn.

Ṣé ẹ rí i? Ọkùnrin méjì lọ gégi nínú igbó. Ọ̀kan gbé àáké sókè, irin àáké yọ kúrò lára igi rẹ̀, ó ba ẹnì kejì, onítọ̀hún sì kú. Òfin ní kí ẹni tó gbé àáké sá lọ sí ìlú ààbò, nítorí pé kò ní in lọ́kàn, kò sì kórìíra ẹnì kejì rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlú mẹ́fà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ní Ísírẹ́lì, mẹ́ta ní ìhà kan odò Jọ́dánì, mẹ́ta ní ìhà kejì. Ibẹ̀ ni yóò máa gbé títí olórí àlùfáà ìgbà náà yóò fi kú.

Mo ti ka ibẹ̀ yìí láìmọye ìgbà, mo tiẹ̀ ti fi kọ́ àwọn ọmọ ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ọdún yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ara mi pé: ta ló ni àáké yẹn? Ṣé ẹnì kan mọ̀ pé ó ti ń mì lórí igi rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sínú igbó?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ìdí ìbéèrè yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí.

Bàbá tó bí bàbá mi wà lára àwọn tó lọ sógun Bọ́mà. Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí ìhà Íńdíà àti Bọ́mà nígbà ogun Hitler, ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n jà ní Arakan, wọ́n sì wà níbẹ̀ nígbà tí Myohaung bọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Japan ní January 1945. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọjá níwájú bárékè Arakan ní Àpápá, l'Ékòó, ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá. Bàbá wa padà sí Ìlá, wọ́n ń ṣe oko obì àti ọ̀pẹ wọn, wọn kì í sọ̀rọ̀ ogun. Ọ̀bẹ kan ni wọ́n mú bọ̀. Wọ́n ní Íńdíà làwọn ti fi sìgá gbà á lọ́wọ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, nígbà táwọn ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé àwọn wálé.

Èèkù ọ̀bẹ yìí kì í ṣe igi, kì í sì í ṣe ìwo. Awọ ni. Wọ́n gé awọ róbótó róbótó bíi kọ́bọ̀, wọ́n lu ihò sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá tò wọ́n léra wọn lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ìdí ọ̀bẹ jáde. Ó lé ní ogún tí mo kà. Wọ́n tẹ̀ wọ́n mọ́ra gírígírí, wọ́n fi irin dé e nídìí, wọ́n sì fi ìṣó kékeré há a pa. Fífún tí awọ kan fún èkejì yẹn ló ń mú èèkù náà le. Bí awọ bá gbẹ, á sún kì, àyè á sì wà láàárín. Omi àti òógùn á gba ibẹ̀ wọlé, irin inú á máa dípẹtà níbi tójú ò tó.

Nígbà tí ọ̀bẹ yìí dé ọwọ́ mi, bí mo bá mì í létí, á máa dún kọ́rọ́ kọ́rọ́. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n tú u palẹ̀. Àmọ́ awọ yẹn ti jẹ níbi tí ìka bàbá wa máa ń wà, ojú ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn kedere. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bọ́ ọ jù? Ìfẹ́ ni mo pè é. Ọ̀lẹ náà wà níbẹ̀, mi ò ní parọ́. Mo ha awọ bàtà àtijọ́ di lẹ́búlẹ́bú, mo pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù, mo fi dí gbogbo àyè náà. Nígbà tó gbẹ, mo fi pólíṣì bàtà pa á, mo fi aṣọ nù ún títí ó fi ń dán. Mo mì í, kò dún mọ́. Inú mi dùn débi pé mo gbé e há ògiri pálọ̀, gbogbo àlejò ló ń yìn ín.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ìkómọ wáyé ládùúgbò wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ télọ̀ wá pé kí n yá àwọn ní ọ̀bẹ tó mú, àwọn fẹ́ kun àgbò. Mo na ọwọ́ sí ògiri. Mo tiẹ̀ ń fi í yangàn, mo ní, "Ọ̀bẹ Bọ́mà nìyí o." Níbi tó ti ń fi agbára gé oríkèé ẹran, èèkù náà yí sí i lọ́wọ́, irin yọ, ọ̀bẹ sì gba àárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n rán an ní ilé ìwòsàn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tòun ti báńdéèjì, ó wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti ba ọ̀bẹ bàbá yín jẹ́. Mi ò fara balẹ̀ ni."

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Kò burú. Máa ṣe sùúrù lọ́jọ́ mìíràn." Mo gba ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí mo ṣẹ̀.

Mi ò sùn dáadáa lóru yẹn. Mo ń rojọ́ fún ara mi. Mo ní mi ò ní in lọ́kàn, mi ò kórìíra ọmọ náà, mo sì ní ìlú ààbò wà fún irú mi. Àmọ́ Ẹ́kísódù orí 21 ò jẹ́ kí n sinmi, níbi tó ti sọ̀rọ̀ màlúù tó kan èèyàn pa. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, wọn ò ní bá olówó màlúù wí. Bó bá ti máa ń kàn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀ tí kò sì dè é, ọ̀ràn ti di tirẹ̀ nìyẹn. Ta ló kìlọ̀ fún mi? Kọ́rọ́ kọ́rọ́ yẹn ni. Gọ́ọ̀mù tí mo fi sí i kò tún ọ̀bẹ ṣe, ẹnu ẹlẹ́rìí ni mo fi dí.

Ẹnì kan lè ní ẹni tó yá nǹkan ló yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yẹ̀ ẹ́ wò o! Ohun tó rí ni ohun tí mo ṣe kó lè rí. Ẹni tó bá kun ògiri tó sán kó tó gba ayálégbé sínú ilé, tàbí tó fọ mọ́tò tí bíréèkì rẹ̀ ò dáa kó tó tà á, ọ̀rọ̀ wa ò jìnnà síra. Ẹni tí kò mọ̀ wà lọ́tọ̀, ẹni tó mọ̀ tó sì ṣètò kí ẹlòmíràn má baà mọ̀ wà lọ́tọ̀. Lójú tèmi o, ìlú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn, kò sí èyí tó máa ṣílẹ̀kùn fún ẹnì kejì yìí.

Mo tú ọ̀bẹ náà palẹ̀. Àwọn awọ inú ti rà, wọ́n ń rún lọ́wọ́ mi bíi búrẹ́dì tó gbẹ. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú ti jẹ tó ìdajì. Ní Sábó, l'Óṣogbo, mo ra awọ líle tí wọ́n fi èso igi bagaruwa ṣe. Alágbẹ̀dẹ bá mi jó irin tuntun mọ́ ìdí ọ̀bẹ. Mo gé awọ, mo rẹ ẹ́ sómi, mo tò ó, mo fún un pọ̀, mo jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan kí n tó fi fáìlì rá a. Ojú ìka bàbá wa ti lọ. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Àmọ́ nítorí ọwọ́ òkú ni mo ṣe fi ọwọ́ alààyè wewu.

Mo wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò lè di àlùmọ́gàjí mú, iṣẹ́ Ọdún Àjíǹde sì ti lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ mọ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń gbé e fún mi?"

Mo ní, "Mo mọ̀."

Mo gbé owó tí mo mú dání fún un. Ó gbà á, ó kà á, ó fi í sápò. Ó tún mú áyọ́ọ̀nù, ó ń lọ aṣọ rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Látọjọ́ yẹn ni màámi ti ń sọ fún gbogbo ayé pé wàdùwàdù mi ti pọ̀ jù, pé òun ló jẹ́ kí n fi ọ̀bẹ ya ara mi lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi lọ sọ fún wọn."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo lọ. Ìyá náà gbé àga fún mi, mi ò jókòó títí mo fi sọ ọ́ tán.